Eyín tó dákẹ́ kò tíì sàn

Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo wà ní ilé ìdáná, omi iyọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ wà lẹ́nu mi, mo ń bẹ Ọlọ́run kí ilẹ̀ tètè mọ́. Eyín ẹ̀yìn kan nísàlẹ̀ lápá òsì ló ń dùn mí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìrora náà lọ bí ẹni pé kò wá rí. Mo dúpẹ́, mo sì padà sí jíjẹ ẹran mi. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí ẹni gbé ọsàn sẹ́nu.

Nínú gbogbo àṣìṣe tí a ń ṣe lórí eyín, kí a rò pé eyín tó dákẹ́ ti sàn ló burú jù. Lábẹ́ apá funfun tó le bí òkúta yẹn, ẹran rírọ̀ kan wà tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ihò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, omi tútù tàbí nǹkan dídùn á mú kí eyín kan yín, kò sì ní pẹ́ tí á fi lọ. Eyín tó bá wà níbí, wọ́n sábà máa ń rí i dí. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá ń dúró lẹ́yìn tí ẹ ti gbé omi mì, tó ń sọ kìì kìì bí ẹ bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹran inú yẹn ló ń wú, kò sì sí àyè tó lè wú sí. Tó bá kú, ìrora á dá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ò kú ní tiwọn: wọ́n á gba ẹnu gbòǹgbò eyín wọnú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọyún á sì máa gbá jọ.

Ti kápúsù ńkọ́? A ó já kápúsù ampicillin, oògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí, sí méjì, a ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú ihò eyín, a ó fi òwú dí i. Èmi náà ṣe é. Ìyẹ̀fun yẹn kì í dé ibi tí àìsàn wà. Kódà bí ẹ gbé e mì, inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn ń gbà rìn, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dé inú eyín tó ti kú. Dókítà lè kọ ọ́ fún yín bí ojú bá wú tàbí tí ibà wà, ṣùgbọ́n yóò ṣì ṣí eyín náà tàbí kó yọ ọ́.

Ògógóró àti ásípírínì tí a tẹ̀ mọ́ ìdí eyín ń bó ẹran ibẹ̀ ni. Omi bátìrì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á séyín. Ẹni tó sì ń yọ kòkòrò láti inú eyín lọ́jà, òun ló mú kòkòrò yẹn wá láti ilé. Yíyọ eyín òkè kì í fọ́ ojú bí àwọn kan ṣe ń sọ.

Parasítámọ́ọ̀lù lè bá yín dé ọ̀dọ̀ dókítà: fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, méjì oní-500mg lẹ́ẹ̀kan, kó má ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Bí ìrora bá kọjá ọjọ́ méjì, ẹ lọ. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Bí ojú tàbí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ẹnu ò ṣeé là, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì tàbí tí mímí ń ṣòro, ẹ̀ka pàjáwìrì ni kí ẹ forí lé lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru. Bákan náà ni bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń dùn yín tí àyà ń fún, tí òógùn sì ń bò yín: ọkàn lè ni, kì í ṣe eyín.

Ẹ sọ fún dókítà bóyá tútù ni tàbí gbígbóná ló ń fa ìrora, bó ṣe ń pẹ́ tó, àti bóyá ó ń jí yín lóru. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kápúsù pamọ́ fún un, ó ti rí i rí.

Tèmi, yíyọ ni wọ́n yọ ọ́. Apá ọ̀tún ni mo fi ń jẹ ẹran báyìí.