Bí Mo Ṣe Pa Káàdì Àjọ Mẹ́rinlélọ́gọ́rin Dé Kí N Tó Lọ Sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Oníwàásù

Ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà ni mo lọ bá pásítọ̀ ìjọ wa láti sọ fún wọn pé mo fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ti Ìjọ Onítẹ̀bọmi, èyí tí ó ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí láti ọdún 1898. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ: bí ìpè náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ààwẹ̀ tí mo gbà lé e lórí, àti àwọn àgbàlagbà mẹ́ta tí wọ́n ti sọ ohun kan náà fún mi láìjẹ́ pé wọ́n gbìmọ̀ pọ̀. Pásítọ̀ gbọ́ mi títí mo fi parí ọ̀rọ̀ mi, wọ́n sì béèrè ohun kan ṣoṣo: “Owó ọlọ́wọ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ, èló ni?” Mo ní n óò lọ ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ ṣírò rẹ̀, kí n dá a padà tán fún àwọn tí wọ́n ni ín, kí n sì mú ìwé ìṣirò náà wá, nígbà náà ni àwọn yóò tó mọ irú ìwé tí ìjọ lè kọ fún mi.

Alájọ ni mí. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì LAUTECH, mo sin ilẹ̀ baba mi fún ọdún kan gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, mo padà wálé, mo sì wá iṣẹ́ títí ó fi sú mi. Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan tí ó ń ta aṣọ ní Ọjà Jagun ni ó ní kí n máa wá gba igba náírà lọ́wọ́ òun lójoojúmọ́, nítorí pé alájọ tí wọ́n ń dájọ sọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kó owó wọn sá lọ. Bí eré bí eré, oníbàárà mẹ́sàn-án di ogún, ogún di mẹ́rinlélọ́gọ́rin láàárín ọdún mẹ́rin, mo ra alùpùpù Bajaj kan, mo sì ń gba owó láti Ọjà Jagun títí dé Tákíé àti Sábó.

Ẹni tí kò bá dá àjọ rí lè má mọ ibi tí alájọ ti ń jẹun. Ojú ìlà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó wà lórí káàdì kan, ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Oníbàárà tí ó bá ń dá ₦500 lójúmọ́, tí ó sì dá a pé, ₦15,500 ni yóò wà lórí káàdì rẹ̀. Alájọ yóò yọ ₦500 ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì ka ₦15,000 lé oníbàárà lọ́wọ́. Kò sí èlé níbẹ̀, kò sí ìwé àdéhùn, kò sì sí lọ́yà. Ojú alájọ ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń gbé owó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwa alájọ kì í sábà sọ síta, òun ni pé owó náà kì í jókòó sójú kan: a máa ń yá oníbàárà mìíràn nínú rẹ̀, a sì máa ń yá ara wa. Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè pásítọ̀ ti bá mi.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Igbe ni n kò ti gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ra ìwé ńlá kan, mo fa ìlà sí i, mo sì kọ orúkọ gbogbo oníbàárà sínú rẹ̀ pẹ̀lú iye tí ó wà lórí káàdì wọn lẹ́yìn tí mo ti yọ owó iṣẹ́ mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwé ọwọ́ mi ti tó fún iṣẹ́ yìí. Kò tó rárá. Káàdì tí ó wà lọ́wọ́ oníbàárà ni òtítọ́ wà, nítorí náà mo ní láti tọ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a jọ fi ìka tẹ ojú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí a kà á pọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó gbà mí. Àwọn kan ti fi káàdì wọn di iyọ̀. Ti ẹnì kan ti rin epo pupa débi pé a ní láti gbé e sójú oòrùn kí a tó rí àmì tí mo fi bírò sí i. Káàdì méje ni kò bá ìwé mi mu, mo sì gba ti oníbàárà gbọ́ nínú gbogbo méjèèje.

Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ₦1,326,500 ni mo jẹ àwọn ènìyàn. ₦1,041,000 wà ní báǹkì, ₦214,000 sì wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mọ́kànlá tí mo yá lówó. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yóò ti rí i pé ₦71,500 kò sí níbì kankan.

Mo wá ₦9,000 rí nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ìyá Ìbejì méjì ni mo ní: ọ̀kan ń ta èlùbọ́, ₦500 ni ó ń dá; èkejì ń ta ata, ₦200 ni tirẹ̀. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni mo ṣi ojú ewé, tí mo ka ₦15,000 fún Ìyá Ìbejì aláta dípò ₦6,000, tí mo sì tún san ti elélùbọ́ pé nígbà tí ó béèrè. Mo lọ bá ìyá aláta, mo kúnlẹ̀ dípò kí n dọ̀bálẹ̀ nítorí ẹrọ̀fọ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n wò mí pẹ́ kí wọ́n tó sọ pé, “Ọmọ mi, mo rí i pé ó pọ̀. Mo ti ń gbàdúrà sí Ọlọ́run láti ọdún tó kọjá pé kí Ó fi kún owó òwò mi, mo ṣáà gbà pé ìwọ ni Ó rán.” N kò mọ ohun tí ènìyàn í fi dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn, pàápàá ẹni tí ó ń lọ kọ́ṣẹ́ ìwàásù. Wọ́n dá ₦4,000 padà, wọ́n sì fi ata rodo dí ìyókù. A jẹ ata náà nílé wa títí tí bàbá mi fi kìlọ̀ pé kí wọ́n má tún gbé ọbẹ̀ pupa síwájú òun.

₦45,000 kò le láti wá rí, nítorí pé mo mọ̀ ọ́n. Nígbà ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi nínú oṣù Ọ̀pẹ ni mo mú un, fún aṣọ ẹbí, fìlà àti bàtà, mo sì sọ fún ara mi pé n óò dá a padà kí oṣù tó parí. Mo gbàgbé. Ká má purọ́, n kò gbàgbé. Mo kàn ń yí ojú kúrò níbẹ̀ ni. ₦17,500 tí ó kù ni n kò rí ojútùú rẹ̀ títí di òní, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé náà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: “N kò mọ ibi tí ó lọ.” Mo ti fi ìtàn Léfì agbowó-òde ṣe ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa rí, bí ó ṣe dìde kúrò nínú àgọ́ owó-òde tí ó fi ohun gbogbo sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ sí mi lọ́kàn rí láti béèrè ẹni tí ó ṣírò owó inú àgọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Sákéù, agbowó-òde kejì inú Bíbélì, ni mo wá sún mọ́. Òun sọ pé ìlọ́po mẹ́rin ohun tí òun bá fi èrú gbà ni òun yóò san. Ìlọ́po mẹ́rin ₦45,000 jẹ́ ₦180,000, n kò sì san tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ni ó ṣòro jù lọ láti bá sọ̀rọ̀. Wọn kò bínú sí ìpè. Diakoni ni wọ́n. Ohun tí wọ́n sọ ni pé láti ọdún 1855 tí Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ti gbé ìyìn rere wọ Ògbómọ̀ṣọ́, oníwàásù kò wọ́n nílùú yìí mọ́, ṣùgbọ́n alájọ olóòótọ́ wọ́n, kí n lọ rò ó dáadáa ibi tí Ọlọ́run ti lè nílò mi jù. Mo rò ó. N kò rí èsì tí ó borí rẹ̀, mo kàn mọ̀ pé ọkàn mi kò sí lọ́jà mọ́. Àwọn ará ọjà ní tiwọn sọ ọ́ di àwàdà: wọ́n ní Kábíyèsí, Ọba Ghandi Afọlábí Ọláoyè, ṣe pásítọ̀ ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó gorí oyè Ṣọ̀ún ní ọdún 2023, èmi ní tèmi fẹ́ gba ọ̀nà ọjà dé orí pẹpẹ, a jẹ́ pé àyè pásítọ̀ kan ni mo ń lọ dí.

Nínú àwọn mọ́kànlá tí wọ́n jẹ mí lówó, mẹ́sàn-án san tiwọn láìjà. Méjì kò san. ₦38,000 ni ó wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ti pa fóònù rẹ̀. Èmi ni mo yá wọn, kì í ṣe àwọn oníbàárà, nítorí náà ọrùn mi ni gbèsè náà wà. Mo ta alùpùpù ní ₦420,000 fún ọmọkùnrin kan tí ó fẹ́ fi ṣe ọ̀kadà. ₦105,500 ni mo fi dí gbogbo ihò inú owó náà, mo sì fi ìyókù pamọ́ fún owó ilé-ìwé. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn kiri san owó.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi, bàbá kan tí ó ń lẹ táyà ní Tákíé, kú láàárín oṣù Igbe kí n tó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti san owó rẹ̀. ₦18,000 ni owó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ń dájọ. Mo dúró títí wọ́n fi ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú alága ẹgbẹ́ àwọn alẹtáyà, a sì jọ wá káàdì náà. Inú Kùránì rẹ̀ ni ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ti rí i, ó fi sí ojú ewé kan bí ẹni tí ó fi ṣe àmì ibi tí ó kà dé. Mo ka owó náà lójú gbogbo wọn, ìyá náà tẹ̀ka, ọmọ náà fọwọ́ sí i, alága náà sì fọwọ́ sí i. Káàdì náà ni ìyá náà ní kí n fi sílẹ̀ fún àwọn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kẹ́yìn nínú oṣù Ẹ̀bìbì ni mo san ti ẹni ìkẹyìn, Ìyá Ìbejì elélùbọ́. Ní ọdún mẹ́rin, wọn kò ka owó tí mo bá san fún wọn rí. Wọn a kàn ká a sínú àpò ìdí wọn ni. Ní ọjọ́ yẹn, wọ́n tu itọ́ sí ìka, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí n má bínú, pé nítorí alájọ tuntun tí ó ń bọ̀ ni àwọn ṣe ń dánra wò. Wọ́n wá béèrè bóyá mo lè bá àwọn wá ẹnì kan. Mo ní n kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ẹnikẹ́ni.

Mo gbé ìwé náà lọ fún pásítọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á láti ojú ewé kìíní, wọ́n dúró pẹ́ níbi tí mo kọ “N kò mọ ibi tí ó lọ” sí, wọn kò sọ nǹkan kan, wọ́n ṣí i kọjá. Nígbà tí wọ́n kà á dé orí ìtẹ̀ka ìyá Tákíé, wọ́n fa dúrọ́ọ̀ wọn yọ, wọ́n mú bébà tí orúkọ ìjọ wà lórí rẹ̀ jáde, wọ́n sì béèrè bí mo ṣe ń kọ orúkọ mi kejì.