Alpha kò gòkè: ẹ̀yìn ìbéèrè ni kó o wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣe ìwé ìbéèrè 20 lórí àìbalẹ̀ ọkàn fún àwọn ìyá Yorùbá tó ń tajà ní Wuse àti Nyanya, l'Àbújá. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti tú u. Àwọn ọmọ tó bá mi lọ ló ń kà á sí wọn létí, tí wọ́n ń máàkì 1 (kò rí bẹ́ẹ̀ rárá) sí 4 (ó rí bẹ́ẹ̀ gan-an). Alpha, iye tó ń fi hàn bí ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè náà ṣe bára wọn mu tó, kò dé 0.5. Ṣé kí n yọ àwọn ìbéèrè tó ń bà á jẹ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì yọ nǹkan kan. Kọ́kọ́ wá àwọn ìbéèrè tó kọjú sí òdìkejì, irú "Ọkàn mi balẹ̀". Ẹni tí ara ń ni yóò mú 1 níbẹ̀, yóò mú 4 níbòmíràn. Yọ iye tó mú kúrò nínú 5, kí 1 di 4, kí 2 di 3. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, alpha rẹ̀ lè bọ́ sísàlẹ̀ òdo pàápàá.

Bí kò bá yí padà, wo ìbéèrè tó ní "kì í" nínú. Ibẹ̀ gan-an ló ti mú mi rí. Mo jókòó ti ọmọ kan lọ́jà, ó bi ìyá ẹlẹ́lùbọ́ pé, "Ṣé ẹ kì í rí oorun sùn?" Ìyá ní, "Rárá o, fọnfọn ni." Ọmọ náà, tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ lórí, gbọ́ "no", ó máàkì pé ìyá kì í sùn! Nínú èdè tiwa, "bẹ́ẹ̀ ni" ń gba ọ̀rọ̀ tó o sọ wọlé, "rárá" ń kọ̀ ọ́, òyìnbó ò ṣe é bẹ́ẹ̀. Yí i sí "Ṣé oorun máa ń dá lójú yín lóru?", wàhálà tán.

Ìbéèrè: Ẹlòmíràn ti tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó bá ti àkọ́kọ́ mu. Kò tíì tó?

Ìdáhùn: Kò tó. Ọgbọ́n títú-padà tí olùwádìí Brislin ṣàlàyé lọ́dún 1970 ni, ó dára, ṣùgbọ́n "labalábá ń fò níkùn mi", bí òyìnbó ṣe ń sọ pé ọkàn òun ò balẹ̀, náà á padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìṣẹ́kù. Aláta á kàn máa wò ọ́ ni. "Àyà mi ń já" ni tiwa. Ohun tí àwọn aláìsàn ń sọ lẹ́nu ara wọn, bí orí gbígbóná àti nǹkan tó ń rìn lára, ni Peter Ebigbo, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Enugu, fi ṣe ìwọ̀n tirẹ̀ tó jáde lọ́dún 1982. Ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fún ìyá bíi mẹ́wàá, kó o ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́.

Ìbéèrè: Bí alpha bá wá kọjá 0.7 ńkọ́, ó ti ń wọn àìbalẹ̀ ọkàn nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o, àwọn ẹlẹ́rìí lè fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n ṣì máa parọ́. Fi èsì rẹ wé ohun tí dókítà ọpọlọ bá rí lára àwọn ìyá kan náà, láìjẹ́ kó mọ iye tí wọ́n mú. Àwọn tó o fi tún un ṣe kọ́ ni kó o fi dán an wò o. Kọjá sọ́dọ̀ àwọn ìyá mìíràn ní Mararaba.