Ẹ yẹ mọ́tò wò ná kí ẹ tó ṣí páálí dikódà

Dikódà kan, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré inú ọkọ̀ tó ń gba àṣẹ fún mọ́tò, jó mọ́ mi lọ́wọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í to rélùwéè kékeré sínú yàrá ẹ̀yìn wa ní Peckham. Ọkọ̀ ojú irin àlòkù ti ìwọ̀n OO ni mo rà, mọ́tò àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní X04 ló wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe lẹ wáyà tán tí mo gbé e sójú irin báyìí, èéfín rú tùù, òórùn rọ́bà jíjó gba ilé kan.

Láyé àtijọ́, bí a bá fi kún iná ojú irin, gbogbo ọkọ̀ orí ìlà náà ló máa jọ sáré. Ti DCC, ìyẹn ọ̀nà fífi àṣẹ dígítà darí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò rí bẹ́ẹ̀. Iná kíkún, bíi fóltì 14 sí 16, wà lójú irin nígbà gbogbo, àṣẹ sì ń bá iná náà rìn. Dikódà kọ̀ọ̀kan ń dúró de nọ́ńbà tirẹ̀, òun ló sì ń bu iná fún mọ́tò. Tí mọ́tò bá tún ń gba iná tààrà láti ojú irin, iná a gba ẹ̀yìn wọ dikódà. Ó parí nìyẹn.

Nínú X04, ẹ wo sípíríngì tó tẹ búrọ́ọ̀ṣì méjèèjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ní rọ́bà, èkejì wà ní ìhòhò, ìyẹn ló so mọ́tò mọ́ irin bọ́dì. Mo bó rọ́bà ara wáyà tín-ín-rín, mo fi bọ ẹsẹ̀ kejì yẹn. Ẹ tú wáyà tó ń gbé iná wá sí búrọ́ọ̀ṣì tó wà níbi ẹsẹ̀ tó ti ní rọ́bà tẹ́lẹ̀. Ẹ wá gbé mítà tí a fi ń yẹ iná wò síbi tó máa ń dún bí iná bá lè kọjá: ẹnu kan lórí búrọ́ọ̀ṣì, ìkejì lára táyà ọ̀tún, táyà òsì, àti bọ́dì. Bó bá dún níbì kankan, ẹ má tíì tẹ̀síwájú.

Nínú àwọn wáyà dikódà, pupa ń lọ síbi tó ń gba iná irin ọ̀tún, dúdú sí tòsì. Aláwọ̀ ọsàn àti aláwọ̀ eérú ni ti mọ́tò. Búlúù, funfun àti yẹ́lò, ti iná ọkọ̀ ni. Bí ẹ kò bá lò wọ́n, ẹ fi rọ́bà bo ẹnu wọn. Búlúù kò gbọdọ̀ kan bọ́dì rárá.

Ojú irin programming, èyí tí a fi ń ṣètò dikódà, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e sí, nítorí iná ibẹ̀ kéré. Ẹ ka CV1, ibi tí nọ́ńbà dikódà wà: dikódà tuntun máa ń dáhùn pé 3. Tí kò bá dáhùn, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Bó bá dáhùn, ẹ jẹ́ kó rìn jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan lójú irin gidi, kí ẹ fọwọ́ kan dikódà. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Bó bá gbóná tí ọwọ́ kò gbà á, mọ́tò ń fa iná ju agbára dikódà náà lọ. Ẹ wá dikódà tó lágbára jù ú lọ.