Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wo àwọn àpáta Joshua Tree: omi, àsìkò, àti ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Los Angeles àti agbègbè ẹ̀, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá kí ẹbí ní California, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ Hollywood àti etí òkun nìkan lẹ ó máa lọ wò o. Tẹ́ ẹ bá wa mọ́tò fún bíi wákàtí méjì ààbọ̀ láti Los Angeles, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá mú yín lọ́nà, ẹ ti dé Joshua Tree National Park nìyẹn, aṣálẹ̀ gidi, tí òkúta ràgàjì-ràgàjì gun orí ara wọn tí èèyàn á fi máa ronú pé kí ló gbé wọn ró.

Kí n tó sọ nǹkan míì, omi. Kò sí omi mímu láàárín páàkì yẹn, kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí ilé epo, kò sí búkà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù náà ò sí níbi tó pọ̀ jù. Àwọn ibi díẹ̀ tí omi wà, etí páàkì ni gbogbo wọn wà, bíi ẹnu ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn, Black Rock àti Cottonwood. Ó kéré tán kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gálọ́ọ̀nù kan fún ọjọ́ kan, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 4, tẹ́ ẹ bá sì máa rìn dáadáa ẹ jẹ́ kó tó méjì, kẹ́ ẹ tún mú ìpanu oníyọ̀ díẹ̀ dání. Ẹ má dúró kí òùngbẹ tó gbẹ yín o, atẹ́gùn ibẹ̀ gbẹ débi pé òógùn á ti fẹ́ lára yín kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ẹ ń làágùn. Ẹ rọ epo kún tánkì nílùú Joshua Tree tàbí Twentynine Palms, kẹ́ ẹ sì ti da máàpù sórí fóònù látilé.

Àsìkò tó dáa jù ni láti oṣù kẹwàá títí di oṣù karùn-ún. Ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, kì í ṣe eré, ooru á kọjá 38°C dáadáa, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni tó kó ọmọdé dání nímọ̀ràn pé kó lọ nígbà yẹn. Àmọ́ nígbà ọ̀tútù náà, oòrùn ọ̀sán lè mú kẹ́ ẹ bọ́ súwẹ́tà, kí omi sì di yìnyín lóru ọjọ́ yẹn gan-an, torí náà ẹ mú aṣọ tó nípọn dání, ẹ mú fìlà tó ní etí gbòòrò àti bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò tíì jẹ.

Ọgbọ̀n dọ́là ($30) ni owó mọ́tò kan, ẹ lè fi wọlé wọ̀de fún ọjọ́ 7, ẹ mú káàdì dání. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ti ìwọ̀-oòrùn ni gbogbo èèyàn máa ń gbà, tó bá di òpin ọ̀sẹ̀ ìlà mọ́tò ibẹ̀ á gùn gan-an, ti Twentynine Palms máa ń fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá ti dé kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀, ọ̀nà yòówù tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ ti bọ́.

Ó wá kan àwọn àpáta yẹn o. Òkúta granite ni, irú èyí tí ẹni tó ti gun òkè Ìdànrè mọ̀ dáadáa, àmọ́ ti Ìdànrè gbórín tó sì wà lódindi, tibí ló sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ó lé ní 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn tí òkúta yíyọ́ gbígbóná ru sókè láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, kò ráyè jáde, abẹ́ ilẹ̀ ló tutù sí. Ó wá sán, òmíràn lóòró, òmíràn ní ìbú, omi abẹ́ ilẹ̀ wá ń gba ojú sísán yẹn wọlé ó ń jẹ igun òkúta lọ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi di roboto, gbogbo èyí kò tíì hàn síta o, ìgbà tí àgbàrá gbá iyẹ̀pẹ̀ orí wọn lọ tán ni wọ́n tó jókòó léra wọn bẹ́ ẹ ṣe ń rí i yẹn. Tẹ́ ẹ bá dúró níwájú wọn, ẹ wá ojú sísán yẹn, ẹ ó rí i bó ṣe lọ gbọọrọ láti ara òkúta kan bọ́ sára èkejì, ojú tẹ́ ẹ fi ń wo gbogbo páàkì á yàtọ̀ látìgbà yẹn lọ.

Hidden Valley ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, torí ibi ìgbọ́kọ̀sí ẹ̀ tètè máa ń kún. Máìlì kan péré ni ìrìn ẹ̀, òkúta yí ibẹ̀ po, wọ́n ní àwọn olè màlúù máa ń kó màlúù pamọ́ síbẹ̀ láyé àtijọ́. Tí oòrùn bá ti gun àtàrí, ẹ wọ mọ́tò lọ sókè Keys View, ẹ̀bá ibẹ̀ lẹ ti máa rí àfonífojì Coachella nísàlẹ̀ àti adágún Salton Sea lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ jẹun, ẹ sinmi. Skull Rock, òkúta tó dà bí agbárí èèyàn, àti Arch Rock, èyí tó tẹ̀ kọrọdọ bí afárá, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí, ìmọ́lẹ̀ á ti rọlẹ̀, gbogbo ihò àti ojú sísán á hàn kedere. Ojú agbárí méjèèjì tẹ́ ẹ máa rí lára Skull Rock yẹn, omi òjò ló ń dúró sínú kòtò kéékèèké tó sì ń jẹ ẹ́ jinlẹ̀ títí tó fi di báyìí.

Ẹ fọwọ́ kan òkúta náà, ó rí ṣákaṣàka, ó ń ha àtẹ́lẹwọ́, ìdí nìyẹn tí bàtà fi ń dì í mú dáadáa tí àwọn ọmọdé sì máa ń sáré gùn ún. Gígùn ún rọrùn o, sísọ̀kalẹ̀ ló le! Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gun ibi tí kò lè bá ìdí sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ má sì ti ọwọ́ bọ ihò tí ojú yín ò tó, ejò wà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà Cottonwood lọ sísàlẹ̀, ẹ ó rí igbó cholla, cactus tí ẹ̀gún ẹ̀ ń tàn yinrin nínú oòrùn. Ẹ rìn láàárín ọ̀nà. Ẹ̀gún yẹn ní ìkọ́ lẹ́nu, tó bá mú yín ẹ má fi ọwọ́ fà á, ọwọ́ náà ló máa mú, òòyà ni kẹ́ ẹ ti bọ abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ fi ta á dànù lẹ́ẹ̀kan náà.

Kẹ́ ẹ tó gbé mọ́tò kúrò níbikíbi, ẹ bẹ abẹ́ ẹ̀ wò. Ìjàpá aṣálẹ̀ máa ń wá ibòòji lọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e rárá, bí ẹ̀rù bá bà á ó máa ń tọ̀, omi tó fi pamọ́ sínú láti fi la ẹ̀ẹ̀rùn já ló ń tọ̀ dànù yẹn, ó sì lè tìdí ẹ̀ kú. Ẹ dúró kó lọ fúnra ẹ̀. Ẹ má gun igi Joshua, igi tí wọ́n fi sọ páàkì náà lórúkọ, ẹ má so nǹkan mọ́ ọn, ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó dàgbà, ẹ má kọ orúkọ sára òkúta, ẹ má sì fò drone, òfin ò gbà á.

Ẹni tó bá fẹ́ sùn síbẹ̀, àárín òkúta gan-an ni ibùdó àgọ́ Jumbo Rocks wà, orí ìkànnì Recreation.gov lẹ ti máa gba àyè sílẹ̀, ẹ tètè gbà á. Ẹ fi sí àsìkò tí òṣùpá ò ní sí, torí láti 2017 ni páàkì náà ti wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń dáàbò bo òkùnkùn ojú ọ̀run, ìràwọ̀ ibẹ̀ pọ̀.

Tẹ́ ẹ bá mú màmá tàbí dádì tó wá kí yín látilé dání, tí orúnkún ò gbé ìrìn mọ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ fi wọ́n sílé. Skull Rock, ẹ̀gbẹ́ títì ló wà, wọ́n á rí i látinú mọ́tò. Ọ̀nà Cap Rock tẹ́jú débi pé kẹ̀kẹ́ arọ ń gbà á, kò tiẹ̀ tó ìdajì máìlì. Ẹ gbé àga kékeré kan sínú búùtù fún wọn, pẹ̀lú omi tiwọn lọ́tọ̀.