Bí A Ṣe Ń Fi Koríko Hun Agbọ̀n Tà

Ẹni tí ó bá fẹ́ máa fi koríko hun agbọ̀n tà, kí ó tètè mọ̀ pé ibi tí a ti ń sá koríko ni ọ̀pọ̀ ọjà ti ń bàjẹ́, kì í ṣe ibi tí a ti ń hun ún. Ọwọ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́ yóò mọ̀ ọ́n bó pẹ́ bó yá, ṣùgbọ́n koríko tí kò gbẹ dénú yóò bu lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti gbé agbọ̀n délé, oníbàárà náà kò sì ní padà wá.

Koríko tí ó gùn, tí ó rọ̀, tí kì í ya bí a bá fi yí ìka ká, ni kí ẹ wá. Ẹ gé e kí ó tó so èso, nítorí bí ó bá ti so tán, ara rẹ̀ a le, a sì máa ṣẹ́. Dòjé tí ó mú ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ lókè ilẹ̀. Ẹ má ṣe fà á tu, torí láti ara gbòǹgbò yẹn ni èyí tí ẹ ó gé lọ́dún tí ń bọ̀ yóò ti hù.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ ewé wà lára rẹ̀, abẹ́ ibòòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ pòròpórò gbígbẹ ni ẹ fẹ́, ẹ sá a sóòrùn. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ máa yí i padà lójoojúmọ́, kí ẹ sì kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ ṣẹ́ ìdí rẹ̀, níbi tí ó ti nípọn jù, lẹ́bàá etí yín: bí ó bá dún pàá, ó ti gbẹ, bí ó bá kàn tẹ̀ láìdún, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ hun ún, fọ́nrán tí ẹ ó fi wé nìkan ni kí ẹ rẹ sómi fún bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ di koríko gbígbẹ pọ̀, kí ìdì náà má nípọn ju ìka kékeré lọ, kí ẹ fi fọ́nrán tútù wé orí rẹ̀, kí ẹ ká a bí ìkarahun ìgbín, kí ẹ sì fi ìlu, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, dá ihò sí ara ìká ìṣáájú kí ẹ tó fi abẹ́rẹ́ ńlá fa fọ́nrán náà gba ibẹ̀ kọjá. Bí ìdì bá ń tín-ín-rín, àárín rẹ̀ ni kí ẹ ti ki koríko mìíràn bọ̀ ọ́, kí ojú ìsopọ̀ má bàa hàn. Bí ìdí agbọ̀n bá wọ́, ẹ tú u, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Mo ti fi irú ìdí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí, mo ní n ó tún un ṣe bí mo bá dókè, agbọ̀n náà kò sì jókòó dáadáa títí ó fi gbó. Nígbà tí ìdí bá fẹ̀ tó, ẹ máa gbé ìká tuntun lé orí èyí tí ó ṣáájú, ara agbọ̀n yóò sì máa dìde.

Ẹ má ṣe fi ọ̀dà kùn ún. Agbọ̀n tí a kò kùn yóò jẹrà padà sínú ilẹ̀ bí ó bá gbó, ohun tí ẹni tí ó ń sá fún ike àti ọ̀rá ń wá gan-an nìyẹn.

Kí ẹ tó dá owó lé e, ẹ kọ wákàtí tí ẹ fi gé koríko, tí ẹ fi sá a, tí ẹ sì fi hun ún sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í ka àkókò gígé kún un nítorí pé inú igbó ni koríko ti wá, wọ́n a sì máa tà ládànù láìmọ̀. Bí ẹ bá pọ̀ tí ẹ ń hun ún, ẹ gé igi kan ṣe òṣùwọ̀n fífẹ̀ àti gíga, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ ra agbọ̀n 20 kò ní gba 20 tí kò dọ́gba.