Bí A Ṣe Ń Dá Bíréèkì Àtijọ́ Tó Fúyẹ́ Mọ̀ Lára Kẹ̀kẹ́ Tòkunbọ̀, àti Bí A Ṣe Ń Yọ Ọ́ Láìbà Á Jẹ́

Ní Ìkòròdú, bí ènìyàn bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ láàárín Sábó sí Àgíríìkì, ó ṣeé ṣe kí ó rí kẹ̀kẹ́ kan tí férémù rẹ̀ ti tẹ̀, tí ìjókòó rẹ̀ ti ya, àmọ́ tí bíréèkì ara rẹ̀ níye lórí ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹni tó ń tà á lè má mọ̀, nítorí pé odidi kẹ̀kẹ́ ni òun ń wò. Àwọn tó mọ̀ náà sì ń ba ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Bíréèkì tí mò ń sọ ni ti kẹ̀kẹ́ oní-gíà tí wọ́n ṣe fún gígùn lórí òkè, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe kí ó lè fúyẹ́, láti ìparí àwọn ọdún 1970 títí di nǹkan bí ọdún 2000, kí bíréèkì onídíìsì tó gbalẹ̀.

Ohun èlò

Kò pọ̀: òòfà kékeré, tọ́ọ̀ṣì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, àti álẹ́ǹkì onímìlímítà 5, ìyẹn irin onígun mẹ́fà tí a fi ń tú bóòtù. Ẹ má wulẹ̀ ra òòfà. Èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ ti tó, ẹni tó ń tún rédíò ṣe yóò sì fún yín. Álẹ́ǹkì nìkan ni kí ẹ má ṣe ahun sí. Èyí tí wọ́n ń tà ní ìdì-ìdì lẹ́bàá títì rọ̀, igun rẹ̀ a máa yíká kí bóòtù tó mira, yóò sì ba ihò orí bóòtù jẹ́ pẹ̀lú.

Mímọ irú tó jẹ́

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí apá bíréèkì dúró sí àti ọ̀nà tí wáyà gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tí apá rẹ̀ méjèèjì yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tí wáyà kúkurú kan so wọ́n pọ̀, tí wáyà gígùn sì fa èyí kúkurú sókè láti àárín, cantilever ni. Òun ni àwọn tó dá eré gígun kẹ̀kẹ́ lórí òkè sílẹ̀ ní Marin County, ní California, ń lò ní àwọn ọdún 1970. Ti Mafac, iléeṣẹ́ kan ní Faransé, ni wọ́n sábà ń wá, wọ́n sì ń fi ọwọ́ bíréèkì alùpùpù tí iléeṣẹ́ Magura ṣe fà á. Shimano, iléeṣẹ́ kan ní Japan, gbé Deore XT, àkójọ ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ orí òkè tirẹ̀, jáde ní 1982, XTR sì tẹ̀lé e ní 1991. Bí apá bá farapamọ́ sábẹ́ férémù lẹ́yìn, nítòsí pẹ́dà, U-brake tàbí roller cam ni. Roller cam ni èyí tó ní kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ méjì tí pẹlẹbẹ irin kan ń là láàárín wọn. Charlie Cunningham ló ṣe àrà rẹ̀, iléeṣẹ́ SunTour sì rọ ọ́ fún títà. Inú ẹrẹ̀ ni ó sábà máa ń wà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ìdọ̀tí lé yín sá. V-brake ní tirẹ̀ ní apá gígùn méjì tó nàró, páìpù kékeré tó tẹ̀ sì ń mú wáyà wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ọdún 1996 ni Shimano mú un wá sára kẹ̀kẹ́ orí òkè. Ẹgbàágbèje irú rẹ̀ ló ti jáde lẹ́yìn ìgbà náà, nítorí náà èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ BR-M950 tàbí BR-M739 ni kí ẹ dúró wò.

Èyí tí àwọn olùkójọ ń lé kiri jù ni èyí tí àwọn iléeṣẹ́ kékeré ní Amẹ́ríkà ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, bíi Grafton àti Paul, àti Avid kí iléeṣẹ́ SRAM tó rà á ní 2004. Wọ́n ń gbẹ́ ẹ láti ara odidi alumíníọ̀mù, wọ́n sì ń fún un ní àwọ̀ elése àlùkò, búlúù tàbí pupa tó wọ ara mẹ́tàlì náà lọ. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ẹnìkan kàn fọ́n ọ̀dà sí. Ẹ fi òwú kan omi tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná, kí ẹ fi pa ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Bí àwọ̀ bá bá òwú lọ, ọ̀dà lásán ni.

Òòfà kò gba àkókò. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ apá bíréèkì, irin ni, ẹ fi í sílẹ̀. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ apá, tí kò sì lẹ̀ mọ́ bóòtù pàápàá, ó lè jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ra bóòtù taiténíọ̀mù sí i, àmọ́ irin tí kì í dípẹtà náà kì í sábà lẹ̀ mọ́ òòfà, nítorí náà ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bóòtù méjì tó tóbi bákan náà, ti taiténíọ̀mù kò wúwo ju nǹkan díẹ̀ lé ní ìdajì ti irin lọ.

Ẹ̀yìn apá bíréèkì Shimano ni lẹ́tà méjì tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é wà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ọdún: A ni 1976, B ni 1977, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí dé Z tó jẹ́ 2001, kí A tó tún bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Èkejì ni oṣù, láti A fún oṣù kìn-ín-ní dé L fún oṣù kejìlá. QB jẹ́ oṣù kejì ọdún 1992. A-B-D tiwa kò ní Q, kò sì ní C, nítorí náà ti Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kà á, kí ẹ má baà fi ọdún ṣìnà. Lẹ́tà wọ̀nyí kò jìn lára mẹ́tàlì; ẹni tó bá fi sáńdípépà kan ibẹ̀ kí ó tó kà á ti pa ìwé ẹ̀rí rẹ̀ rẹ́.

Yíyọ rẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Apá kọ̀ọ̀kan wọ ọ̀pá kékeré kan tí wọ́n jó mọ́ férémù, bóòtù kan ló sì dè é mọ́ ibẹ̀. Irin ni ọ̀pá àti bóòtù lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́, alumíníọ̀mù ni apá, afẹ́fẹ́ ọ̀sà tiwa sì ní iyọ̀ nínú. Bí omi iyọ̀ bá wọ àárín mẹ́tàlì méjì tí kì í ṣe oríṣi kan náà, alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹra, ìyẹ̀fun funfun tó ń ti ibẹ̀ jáde a sì dì wọ́n pọ̀ bíi símẹ́ńtì. Ohun tí mo máa ń rí ni pé wọn yóò mú púláyà ńlá, wọn yóò fi há apá náà lẹ́nu, wọn yóò sì máa fi òòlù gbá a. Férémù kò ní ṣe nǹkan kan, apá ni yóò ya, níbi ihò rẹ̀ gan-an tí a kò ti lè tún un ṣe.

Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ tú wáyà sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan bóòtù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi abẹ́rẹ́ gbá ìdọ̀tí inú ihò bóòtù jáde títí ẹ ó fi rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń fo èyí, álẹ́ǹkì wọn kì í sì í wọlé tán, etí ihò nìkan ni ó ń dì mú tí ó fi ń bó o. Ẹ kán òróró sí ibi tí bóòtù ti pàdé apá, àti sí ẹ̀yìn níbi tí apá ti pàdé férémù. WD-40 dára, àmọ́ kẹrosíìnì tí a po ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ mọ́ náà ń ṣe é, bí ẹ bá lè ní sùúrù. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mi ò gbà pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó, ẹnikẹ́ni tó bá sọ ọ́.

Bí kò bá mira lọ́jọ́ kejì, ooru ló kù, kì í sì í ṣe iná wẹ́dà, nítorí pé iná wẹ́dà a máa sọ alumíníọ̀mù di rírọ̀, a sì máa pa àwọ̀ rẹ̀. Ẹ nu kẹrosíìnì kúrò pátápátá, ẹ gbé ìgò rẹ̀ jìnnà, kí ẹ wá ti ẹnu irin tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń jó lẹ́ẹ̀dì bọ inú ihò bóòtù títí bóòtù yóò fi gbóná. Ó ń rọ gọ́ọ̀mù tí iléeṣẹ́ sábà máa ń fi sára bóòtù náà. Níbi tí kò bá sí iná mànàmáná, omi gbígbóná láti inú kẹ́tù ni kí ẹ dà sí i léraléra. Ẹ fi igi kan álẹ́ǹkì wọlé dáadáa, ẹ kọ́kọ́ fún un díẹ̀ sí ọ̀tún, lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí i sí òsì.

Bí bóòtù bá ti jáde, ẹ má fa apá náà tagbáratagbára, ẹ má sì ti sikurudíráfà bọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti fi gbé e. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì bí ẹ ṣe ń fà á. Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀, tí férémù sì ti di àjákù, ẹ fi ayùn irin gé ọ̀pá náà lẹ́yìn apá, kí ẹ rì gbogbo rẹ̀ sínú kẹrosíìnì. Sípíríǹgì ọ̀tún àti ti òsì kò yí síbì kan náà, wọn kò sì ṣeé pààrọ̀ fún ara wọn. Ẹ fi wáyà gún ti apá kọ̀ọ̀kan pọ̀ pẹ̀lú wọ́ṣà rẹ̀ bí wọ́n ṣe tò lé ara wọn.

Fífọ̀ àti ìpamọ́

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwọ́ rírọ̀ ló tó. Kọ́stíìkì sódà a máa bó àwọ̀ alumíníọ̀mù, èmi kì í sì í lo ọṣẹ dúdú pàápàá, nítorí omi eérú tí wọ́n fi sè é. Láti mọ̀ bóyá ó ti sán, ẹ fi kẹrosíìnì pa á, ẹ nu ún gbẹ, kí ẹ fi ẹfun lílọ̀ kun ún. Bí ibì kan bá ti là, kẹrosíìnì inú rẹ̀ yóò ti inú ẹfun yọ jáde ní ìlà dúdú. Irú èyí ṣeé gbé sórí àga ìwòran, kò ṣeé gùn.

Ẹ gba ọwọ́ bíréèkì pẹ̀lú apá rẹ̀, bí ẹni tó ń tà á bá tilẹ̀ ń sọ pé òun yóò tà á lọ́tọ̀. Ọwọ́ ti V-brake ń fa wáyà ju ti cantilever lọ. Bí a bá fi ti cantilever fa V-brake, yóò rọ̀ títí yóò fi kan igi ìdìmú, bí a bá sì yí i padà, yóò le, kò sì ní mú kẹ̀kẹ́ dúró dáadáa. Ti Magura tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́ dípò wáyà, ọ́ìlì tirẹ̀ ni kí ẹ fi sí i. Ọ́ìlì bíréèkì mọ́tò yóò jẹ rọ́bà inú rẹ̀. Ẹ kó apá mẹ́rin, ọwọ́ méjì àti wáyà kúkurú rẹ̀ sínú ọ̀rá kan tó gbẹ, kí ẹ kọ lẹ́tà ọdún rẹ̀ sára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sókè, jìnnà sí ilẹ̀ tó ń rin.