Bí ọmọ mi ṣe bọ́ lọ́wọ́ títọ̀ sílé

Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 8, síbẹ̀ kò sí òru tí ẹní rẹ̀ kì í tutù; nígbà ọyẹ́, tí òtútù bá mú ní Kàbbà níbí, ó tilẹ̀ máa ń tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ṣe ìwòsàn bí àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n ń gún un sí ìsàlẹ̀ ìdodo àti òkè ọrùn ẹsẹ̀. Mo wádìí rẹ̀: àwọn ìwádìí kan sọ pé ó ṣe àwọn ọmọ kan láǹfààní, ṣùgbọ́n ẹ̀rí wọn kò tíì lágbára. Àti pé ọmọ tó ń sá fún abẹ́rẹ́ ibà, ta ni yóò dì í mú?

Nọ́ọ̀sì kan ló bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: ẹ̀ẹ̀melòó ló ń yàgbẹ́ lọ́sẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni. Ó ṣàlàyé pé ìgbẹ́ tó dì sínú ìfun a máa tẹ àpò ìtọ̀ mọ́lẹ̀, tí kò fi ní lè gba ìtọ̀ òru. Èmi sì ti ń bá ọmọ wí lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀!

Wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, mo fi ẹ̀wà àti ìbẹ́pẹ kún oúnjẹ rẹ̀, ó ń mu omi dáadáa lọ́sàn-án, ó sì ń tọ̀ kó tó sùn. Láàrin oṣù 2, òru 5 nínú 7 ń gbẹ. Aago tó máa ń ké bí ìtọ̀ bá ti kan aṣọ la fi parí ìyókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ló ń jí, tí òun ń hanrun. Nígbà tí òru 14 gbẹ léraléra, a bọ́ ọ kúrò.